Ohun Tí A Sọ Nù Tí Ó Di Ìṣúra: Ìtàn Àwọn Ẹgbẹ́ Olùtọ́jú Ẹ̀rọ Oko Àtijọ́ ní Ìgbèríko Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì



Nígbà tí a bá dárúkọ ìtàn, ọ̀rọ̀ ọba àti ogun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń retí. Ṣùgbọ́n irú ìtàn mìíràn ń bẹ tí kò ní ọba nínú, tí kò sì ní ogun: èyíinì ni ìtàn àwọn ohun èlò tí àwọn ènìyàn fi wá oúnjẹ òòjọ́ wọn, àti ti àwọn tí kò jẹ́ kí ohun èlò wọ̀nyí parun. Irú rẹ̀ ni a mú wá síwájú yín lónìí. A fẹ́ sọ bí àwọn àgbẹ̀ àti àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa tọ́jú ẹ̀rọ oko àtijọ́. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ènìyàn ìgbèríko kan náà ni ó kọ́kọ́ fi ìbínú fọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ túútúú. Àwọn ọmọ wọn wá gbára lé e. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tà á tán fún àwọn oníṣòwò irin àlòkù, kí àwọn díẹ̀ tó dìde láti gbà á là.

Ìbéèrè kan ni a ó máa bi ara wa bí a ti ń lọ: nígbà tí ohun èlò kan bá sọnù, kí ni ó sọnù? Ṣé irin rẹ̀ nìkan ni, tàbí ohun mìíràn a máa bá a lọ?

I. IRÚ ẸRỌ TÍ Ó JẸ́

Ẹni tí ó bá ti rí ọkọ̀ ojú irin àtijọ́, irú èyí tí ó ń fọn fèrè tí ó sì ń tú èéfín láàrin Èkó àti Ìbàdàn láti ọdún 1901, ti mọ ìdajì ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé. Iná èédú ilẹ̀ ń jó nínú àpótí irin. Ooru iná náà ń gba inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀pá kọjá láàrin omi. Omi náà hó, ooru rẹ̀ sì kún inú ìkòkò irin náà dẹ́nu. Nítorí pé a há a mọ́, ó ń fi agbára wá ibi tí yóò gbà jáde. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a sì fi sílẹ̀ fún un ni èyí tí yóò ti ọ̀pá irin kan síwá sẹ́yìn, tí ọ̀pá náà yóò sì fi máa yí kẹ̀kẹ́.

Ẹ̀rọ olóoru ti oko yàtọ̀ sí ti ojú irin ní ti pé kò fẹ́ irin lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ irin tí ó fẹ̀ ni ó ní, ó sì ń rìn lójú ọ̀nà lásán, bí ó tilẹ̀ wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù mẹ́wàá. Kẹ̀kẹ́ ńlá kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí a bá fi ọ̀já gígùn so kẹ̀kẹ́ yìí mọ́ ẹ̀rọ mìíràn, yóò máa yí i láti àárọ̀ títí di alẹ́. Báyìí ni ẹ̀rọ kan ṣoṣo ṣe lè pakà, kí ó la igi, kí ó wọ́ ẹrù, kí ó sì tẹ títì mọ́lẹ̀.

II. ÌBÍNÚ ỌDÚN 1830

Kí ẹ̀rọ tó dé oko, ọwọ́ ni a fi ń pakà. Lẹ́yìn ìkórè, àwọn alágbàṣe a máa dúró nínú aká, wọn a máa fi igi méjì tí a so pọ̀ lu àlìkámà kí hóró rẹ̀ lè bọ́. Iṣẹ́ náà le, eruku rẹ̀ kò sì ṣe àyà lóore. Síbẹ̀ òun ni ó ń bọ́ ìdílé alágbàṣe nígbà òtútù, nígbà tí ilẹ̀ ti le bí òkúta tí kò sì sí iṣẹ́ mìíràn lóko. Nígbà tí àwọn olóko wá bẹ̀rẹ̀ sí lo ẹ̀rọ ìpakà tí ẹṣin ń yí, ohun tí alágbàṣe rí kì í ṣe ọgbọ́n. Ebi ni ó rí.

Ní oṣù August ọdún 1830, ní ìletò Lower Hardres ní agbègbè Kent, àwọn alágbàṣe kó òòlù, wọ́n sì fọ́ ẹ̀rọ ìpakà kan. Ìbínú náà ràn láti abúlé dé abúlé bí iná inú ọyẹ́. Kí oṣù November tó parí, ó ti dé Berkshire, ibi tí a ó tún padà sí nínú ìtàn yìí. Ìjọba mú wọn, a sì ṣe ìdájọ́ wọn pẹ̀lú ọwọ́ líle: ènìyàn 19 ni a so rọ̀, a sì fi ọkọ̀ kó èyí tí ó ju 400 lọ kúrò ní ilé àti lọ́dọ̀ ọmọ, lọ sí Australia.

A sọ èyí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn ẹ̀rọ jẹ́ ìtàn ayọ̀ nìkan. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́jú ohun àtijọ́ gbọ́dọ̀ tọ́jú òtítọ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

III. ÀWỌN ỌLỌ́GBỌ́N MÉJÌ

Ní ọdún 1841, ilé-iṣẹ́ Ransomes ti ìlú Ipswich gbé ẹ̀rọ olóoru kan wá sí àfihàn ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ní Liverpool. Ẹ̀rọ náà ní agbára láti yí ẹ̀rọ ìpakà, ṣùgbọ́n kò lè gbé ara rẹ̀. Ẹṣin ni a fi ń wọ́ irú rẹ̀ láti oko kan dé òmíràn. Thomas Aveling, ẹni tí a bí ní 1824, tí ó ti ṣe àgbẹ̀ rí ní Kent kí ó tó di oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní Rochester, rí i pé èyí kò bójú mu. Ó fi í wé ọkọ̀ ojú omi onígbòkun mẹ́fà tí ń wọ́ ọkọ̀ elééfín kan ṣoṣo lẹ́yìn. Ní nǹkan bí ọdún 1859 ó fi ẹ̀wọ̀n gígùn so agbára ẹ̀rọ náà mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì gbéra, ó ń rìn fúnra rẹ̀.

Ẹnì kejì ni John Fowler, ẹni tí a bí ní 1826 nínú ìdílé àwọn Quaker. Ní ọdún 1849 ó lọ sí ilẹ̀ Ireland, ní àkókò ìyàn ńlá tí ó tẹ̀lé àrùn tí ó ba ọ̀dùnkún jẹ́. Ohun tí ó rí níbẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè sinmi. Ó pinnu láti wá ọ̀nà tí a ó fi máa gbẹ́ omi kúrò ní ilẹ̀ àbàtà, tí a ó sì máa tulẹ̀ pẹ̀lú owó tí kò pọ̀, kí oúnjẹ lè wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà: bí ẹ̀rọ tọ́ọ̀nù mẹ́wàá bá wọ inú oko, yóò tẹ ilẹ̀ náà pa, irúgbìn kì yóò sì hù dáadáa. Nítorí náà Fowler fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ní etí oko. Ọgbọ́n tí ó wá borí lẹ́yìn náà ni pé kí ẹ̀rọ méjì dúró, ọ̀kan ní etí ìhín, ọ̀kan ní etí ọ̀hún, kí okùn irin gígùn sì wà láàrin wọn, tí a ká sí ara àgbá lábẹ́ ìkòkò omi. Bí ẹ̀rọ ìhín bá fa okùn, ohun ìtulẹ̀ a wá; bí ti ọ̀hún bá fà á, a tún padà. Ẹ̀rọ kò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ oko rárá. Ní 1858, ní ìlú Chester, Fowler gba ẹ̀bùn £500 tí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ti yà sọ́tọ̀ fún ẹni tí ó bá lè fi ooru tulẹ̀ pẹ̀lú èrè. Ó kú ní 1864, kò tíì pé ẹni ogójì ọdún.

IV. ÌGBÀ ÒGO ÀTI ÌGBÀ ÌṢUBÚ

Kò rọrùn fún ẹ̀rọ náà láti rí ojú rere lójú ọ̀nà. Òfin ọdún 1865 pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ ju máìlì mẹ́rin lọ ní wákàtí kan ní ìgbèríko, àti máìlì méjì nínú ìlú; ènìyàn mẹ́ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn yóò sì máa fi ẹsẹ̀ rìn ní 60 ọ̀pá níwájú pẹ̀lú àsíá pupa lọ́wọ́, kí ẹṣin má baà ta. Ní 1878 ni a tó dẹ òfin náà díẹ̀.

Síbẹ̀síbẹ̀, ẹ̀rọ náà di ará ilé. Àgbẹ̀ kékeré kò lè ra á. Nítorí náà ẹnì kan ní agbègbè ni yóò ra ẹ̀rọ olóoru àti ẹ̀rọ ìpakà, yóò sì máa lọ láti oko dé oko, tí a ó máa sanwó fún un. Bí a bá ti ń gbọ́ ìró rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, gbogbo ilé ni yóò múra. Àwọn aládùúgbò a wá ran ara wọn lọ́wọ́, nítorí pé ìpakà fẹ́ ọwọ́ púpọ̀: àwọn tí ń ju ìtí ọkà sókè, ẹni tí ń tú ìdè rẹ̀, àwọn tí ń gbé àpò, àwọn tí ń to koríko. Àwọn ìyá a máa se oúnjẹ fún gbogbo wọn. Báyìí ni ẹ̀rọ tí ó ti kọ́kọ́ tú àwọn ènìyàn ká ṣe tún di ohun tí ń kó wọn jọ.

Ìgbà ń lọ bí òréré. Ní 1917, nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí kó katakata Fordson wọlé láti Amẹ́ríkà, nítorí pé ogun ti kó ẹṣin àti ọkùnrin lọ. Ẹ̀rọ olóoru fẹ́ wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí omi rẹ̀ tó hó. Katakata, bí a bá yí irin rẹ̀, ó ti ń lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tí ń kórè tí ó sì ń pakà lẹ́ẹ̀kan náà dé, kò sì sí ohun tí a ó tún pe ẹ̀rọ àtijọ́ fún mọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì àti lẹ́yìn rẹ̀, irin wọ́n. Àwọn oníṣòwò irin àlòkù ń lọ káàkiri ìgbèríko, wọ́n ń ra ẹ̀rọ tí ó ti dúró lẹ́yìn aká, tí ìpẹtà ti bò, wọ́n sì ń fi iná gé e sí wẹ́wẹ́. Kò sí ẹni tí ó sunkún. Ta ni yóò sunkún nítorí ohun èlò tí ó ti gbó?

V. ERÉ ÌJE APPLEFORD

Nísinsìnyí a padà sí Berkshire. Ní abúlé Appleford, tí ó ti wà lábẹ́ Oxfordshire láti ọdún 1974, àgbẹ̀ kan ń bẹ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Arthur Napper. Ó ní ẹ̀rọ olóoru kan tí ilé-iṣẹ́ Marshall ti Gainsborough ṣe ní 1902, ó sì sọ ọ́ ní Old Timer, èyíinì ni Ògbólógbòó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Miles Chetwynd-Stapylton, ní tirẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí a ń pè ní Lady Grove, láti ilé-iṣẹ́ tí Aveling dá sílẹ̀. Bí àwọn ọ̀rẹ́ ti máa ń ṣe, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn: tèmi yá ju tìrẹ lọ. Wọ́n pinnu láti sáré ìje, wọ́n sì fi àgbá ọtí kékeré kan tí ó gba gálọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án ṣe ẹ̀bùn ẹni tí ó bá ṣáájú. Àwa kì í ṣe ẹni tí ń yin àgbá ọtí, ṣùgbọ́n ìtàn kò ṣeé fọ̀ mọ́ bí aṣọ. Bí ó ti rí ni a gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1950, ẹ̀rọ méjèèjì sá ìje nínú pápá Napper. Ẹ fojú inú wò ó: irin tọ́ọ̀nù mẹ́wàá méjì, tí ilẹ̀ ń mì lábẹ́ wọn, tí èéfín bo ojú ọ̀run, tí wọ́n sì ń sáré ìje tí ọkùnrin tí ara rẹ̀ le lè fi ẹsẹ̀ bá wọn sá! Old Timer ni ó borí.

Àwọn ènìyàn gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun kan ta wọ́n jí nínú ẹ̀rín náà. Àwọn arúgbó tí ó ti wa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí rántí ìgbà èwe wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò rí i rí béèrè pé kí ni èyí. Ẹni tí ó ní ọ̀kan lẹ́yìn aká rẹ̀ lọ fi òróró nu ún. Ìpéjọpọ̀ náà ń tóbi láti ọdún dé ọdún. Ní 1954, wọ́n rí i pé ẹnì kan kò lè dá ẹrù yìí gbé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Wọ́n dá ẹgbẹ́ tí a pè ní National Traction Engine Club sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní National Traction Engine Trust lónìí. Títí di òní, a ń ka Napper sí baba àwọn ìpéjọpọ̀ wọ̀nyí.

Ohun ìyanu ni pé ní ọdún 1950 kan náà, ní òdìkejì òkun, ní ìlú Mount Pleasant ní Iowa ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn apakà àtijọ́ pe ara wọn jọ, wọ́n sì ṣe ìpéjọpọ̀ tiwọn, èyí tí a ń pè ní Old Threshers Reunion. Ìgbà kan náà ni ó ń kọjá lọ lára àwọn ènìyàn méjèèjì. Ìrora kan náà ni ó sì jí wọn.

VI. IṢẸ́ ẸGBẸ́ NÁÀ

Ẹ má ṣe rò pé ẹgbẹ́ eré lásán ni. Ìkòkò irin tí ooru omi kún inú rẹ̀ lè di ohun ikú. Nínú òrùlé àpótí iná, a fi ìdè kan tí a fi òjé ṣe síbẹ̀: bí omi bá lọ sílẹ̀ jù, òjé náà a yọ́, ooru omi a sì tú sínú iná láti pa á, kí ìkòkò má baà bẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ bí a ti ń wo omi nínú gíláàsì, tí kò sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó bu èédú síná, kò yẹ kí ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ náà. Nítorí náà ni ẹgbẹ́ náà ṣe kọ ìlànà ìtọ́jú, tí ó ń tẹ ìwé ìròyìn Steaming, tí ó sì dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, níbi tí ọmọ aláìní ẹ̀rọ ti lè dúró ti àgbà, kí ó kọ́ bí a ti ń dáná àti bí a ti ń wà á.

Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tẹ̀lé e. Ní 1966 ni àwọn tí ń tọ́jú ẹ̀rọ ìtulẹ̀ ti Fowler dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Steam Plough Club. Ní 1969, ní Stourpaine Bushes ní Dorset, Michael Oliver bẹ̀rẹ̀ ìpéjọpọ̀ tí ó di ńlá jù lọ nínú gbogbo wọn, Great Dorset Steam Fair. Níbẹ̀ ni a kò fi ẹ̀rọ ṣe ẹwà nìkan, a fi wọ́n sẹ́nu iṣẹ́: wọ́n ń tulẹ̀, wọ́n ń pakà, wọ́n ń la igi, níṣojú gbogbo ènìyàn.

Àwọn àlùfáà pẹ̀lú ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1954 tí a dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ni Àlùfáà Wilbert Awdry tẹ ìwé àwọn ọmọdé kan tí à ń pè ní Edward the Blue Engine jáde. Nínú rẹ̀ ni àlùfáà ìjọ kan ti gba ẹ̀rọ olóoru àtijọ́ kan là kúrò lọ́wọ́ oníṣòwò irin àlòkù. Ọ̀rẹ́ Awdry, Àlùfáà Teddy Boston, ẹni tí ó jẹ́ alábòójútó ìjọ Cadeby ní Leicestershire títí di ìgbà ikú rẹ̀ ní 1986, ṣe bẹ́ẹ̀ ní ti gidi: ó ní ẹ̀rọ olóoru kan tí ilé-iṣẹ́ Foster ṣe, ó sọ ọ́ ní Fiery Elias, orúkọ wòlíì tí ó gun kẹ̀kẹ́ iná, ó sì tẹ́ ojú irin kékeré sínú ọgbà ilé àlùfáà rẹ̀, èyí tí ó ṣí ní 1963.

VII. EWU TÍ Ó WÀ NÍWÁJÚ WỌN

Ìtàn yìí kò tíì parí, kò sì dájú pé yóò parí sí rere. Àwọn tí ó wa ẹ̀rọ náà fún oúnjẹ òòjọ́ ti lọ tán, àfi bí ó bá ku díẹ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ wà ní ọwọ́ àwọn tí wọ́n kọ́ nìkan. Owó ìná ti ga dé ibi pé Great Dorset Steam Fair, tí a ṣe ní 2022, kò lè wáyé ní 2023. Ní òpin oṣù November 2023, ibi ìwakùsà Ffos-y-Fran ní Wales, níbi tí a ti ń wa èédú tí kì í rú èéfín púpọ̀, tí ooru rẹ̀ sì le, dáwọ́ dúró. Láti ìgbà náà, èédú láti ilẹ̀ òkèèrè, tàbí ohun ìdáná tí a pò tí a sì mọ bí ẹyin, ni ọ̀pọ̀ ń lò. Àwọn kan sì ń béèrè bóyá ó yẹ kí a máa jó èédú rárá, nígbà tí a ti mọ ohun tí èéfín rẹ̀ ń ṣe sí ojú ọjọ́ ayé. Ìbéèrè òtítọ́ ni. Àwọn ẹgbẹ́ náà kò lè fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Ìdáhùn wọn ni pé ohun tí wọ́n ń jó kéré, àti pé ẹ̀rọ tí kò bá gbóná mọ́ kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun.

Èyí sì mú wa padà sí ìbéèrè wa. Kí ni ó ń sọnù? Bí ó bá jẹ́ irin nìkan ni, a lè kó irin sínú ilé, kí a ti ilẹ̀kùn, kí ó sì wà níbẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ṣùgbọ́n etí tí ń gbọ́ ìyàtọ̀ láàrin ìró rere àti ìró ewu, ọwọ́ tí ó mọ ìwọ̀n èédú, ojú tí ń ṣọ́ omi: àwọn wọ̀nyí kò ṣeé kó sínú àpótí. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń lọ, bí ìran kan bá sì sùn, kò sí ìwé tí ó lè jí wọn padà ní pípé. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n àgbà tí kò bá fi àkísà rẹ̀ han ọmọdé, ta ni yóò mọ̀ pé ó jẹ́ aṣọ rí?

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá pẹ̀lú. Ní Èbúté Mẹ́ta, nínú ọgbà ọkọ̀ ojú irin, ẹgbẹ́ Legacy tí a dá sílẹ̀ ní 1995 ti tún ilé Jaekel House ṣe, ilé tí a kọ́ ní 1898, a sì kó àwọn ohun ìrántí ọkọ̀ ojú irin sí i. Iṣẹ́ rere ni, ó sì yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a lọ síwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí baba arúgbó kan bá wà ní ilé yín tí ó mọ iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò ṣe mọ́, ẹ má ṣe dúró kí ó kú kí ẹ tó máa wá ohun èlò rẹ̀ nínú pàǹtí. Ẹ mú ọmọ kan lọ jókòó tì í nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì lè ṣe é. Àwọn ará Appleford fi àwàdà àti àgbá ọtí bẹ̀rẹ̀ tiwọn; àwa lè fi sùúrù àti ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ tiwa. Kí a má ṣe pẹ́ jù.